Ọjọ́ Tí Màmá Mi Gé Wáìnì Kúrò Nínú Bordeaux

Ọjọ́ Jímọ̀ tí mo gbé páálí oníhò síwájú kíláàsì French wa kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, ní Lanham lókè òkun. Bordeaux, ìlú oníwáìnì tó wà létí odò nílẹ̀ Faransé, ni iṣẹ́ tí tíṣà fún mi. Mo lẹ àwòrán afárá, ilé olókùúta, ọkọ̀ ojú omi àti àgbá wáìnì mọ́ páálí.

Bí a ṣe gbàdúrà àárọ̀ tán, màmá mi, tí wọ́n jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì, rí àwọn àgbá náà. Wọ́n mú sísọ́ọ̀sì.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, máàkì mi ni."

"Ọmọ tèmi ò ní polówó ọtí."

Wọ́n gé gbogbo àgbá náà kúrò. Bọ́ọ̀sì ti dé. Ẹkún ni mo sun dé ilé ìwé.

Tíṣà béèrè ohun tí àwọn ọkọ̀ náà kó tí ìlú náà fi lówó tó bẹ́ẹ̀. Mo wo àwọn ihò náà. Ohun tí mo ti kà, tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fò, ló jáde lẹ́nu mi: "Wọ́n kó wáìnì. Wọ́n tún kó àwọn èèyàn wa láti Áfíríkà lọ tà."

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn fún màmá. Wọ́n wo àwòrán ọkọ̀ náà títí.

"Èyí gan-an ló yẹ kí n gé," ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n wọn ò gé e.