Aránṣọ Tó Kọ́ Mi Ní Baulé

Nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Bouaké, nílẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, èdè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi. Ọkọ mi ń ta aṣọ ní ọjà ńlá. Wọ́n gbọ́ Jùlá, tí í ṣe èdè ọjà, bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní sùúrù àtikọ́ èèyàn. Aránṣọ tó ń lo iwájú ìsọ̀ wa ló kọ́ mi. Ọmọ Baulé ni, àwọn tó ni ilẹ̀ ibẹ̀; ará abúlé Diabo ni, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀, ló ti kọ́ṣẹ́, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá. Ìyàwó ló ń pè mí, bí àwọn àbúrò ọkọ mi ti ń pè mí. Bó bá ń gé aṣọ, á fi síṣọ́ọ̀sì tọ́ka sí omi, á ní, "Nzue." Bí mo bá ṣì í pè, kì í fi mí rẹ́rìn-ín. Á rọra tún un pè títí ẹnu mi á fi gbà á. Ó kọ́ mi ní Jùlá, ó kọ́ mi ní Baulé pẹ̀lú, ó ní kí ìyá òun lè máa rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lọ́jà.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ìyá rẹ̀ ń kó iṣu wá. Obìnrin gíga ni, ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Bí wọ́n bá ta iṣu tán, wọ́n á wá jókòó ti màṣíìnì ọmọ wọn, wọ́n á máa ṣa fọ́nrán òwú kúrò ní irun orí rẹ̀.

Ogun wá bẹ́ sílẹ̀ nílùú àwọn Faransé. Kọmáńdàǹ, aláṣẹ àwọn Faransé níbẹ̀, ránṣẹ́ sí àwọn baálẹ̀ pé kí wọ́n fa ọ̀dọ́kùnrin sílẹ̀ fún iṣẹ́ ogun, wọ́n sì fa aránṣọ yìí sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rán gbogbo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan èyí tí àwọn tó ni ín kò nílò títí di ọdún ìtúnu. A sìn ín dé ìdí ọkọ̀ ojú irin. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ọkọ mi ṣàdúrà fún un, ó sì ń ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Ìyàwó, bí ìyá mi bá wá, má jẹ́ kí wọ́n dá jókòó."

N kò jẹ́ kí wọ́n dá jókòó. Baulé mi tó wọ́ ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí ọmọ àwọn ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Òjò rọ̀ títí, ó dá, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ṣọ́jà kan béèrè ìsọ̀ wa, apá rẹ̀ kan kò ṣeé nà mọ́. Ó fi Jùlá sọ fún ọkọ mi pé òun àti aránṣọ wa jọ wà lójú ogun ni, àwọn ń ṣọ́ afárá kan. Ìbọn àwọn Jámánì ba aránṣọ wa láàárọ̀, ó kú kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìsọ̀ wa ló máa ń ròyìn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlú tirẹ̀ lápá òkè ni ṣọ́jà náà ń lọ, ó kàn yà láti sọ fún wa ni. A gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ju òkèlè méjì lọ.

Ọkọ mi ní àwọn á wá àgbàlagbà Baulé kan tí yóò tú u fún ìyá náà. Mo ní, "Èmi ni n ó sọ fún wọn. Èmi ló fi ìyá rẹ̀ lé lọ́wọ́." N kò dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní ó dáa.

Ìyá náà dé lọ́jọ́ kẹrin. Mo bu omi fún wọn, wọ́n mu ún. Ìgbà náà ló tó yé mi pé aránṣọ kò kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ikú. Mo mọ "lọ", mo mọ "dé". Mo di ọwọ́ wọn méjèèjì mú.

"Ìyá, ọmọ yín lọ. Kò ní dé mọ́."

Wọ́n ń wo ẹnu mi bí ẹni pé mo ṣì í sọ. Wọ́n wá rọra tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún mi, bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́, láti mọ̀ bóyá ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Mo ní òun ni.

Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé orí lé mi léjìká. Ọkọ mi fa aṣọ kan sílẹ̀ bo ojú ìsọ̀, wọ́n jáde síta. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá náà béèrè, bóyá ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn nígbà tó ń kú. Mo ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Inú mi dùn pé kì í ṣe irọ́.

A bá wọn lọ sí Diabo, wọ́n ṣe òkú tí a kò rí sin. Oyún àkọ́bí mi ti ń yọ nígbà náà. Nígbà tí mo bí i, ìyá tèmi wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà jìn. Èmi àti ọmọ ṣì wà lórí ẹní nígbà tí ìyá aránṣọ wọlé, wọ́n gbé ẹrù wọn kalẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n bu omi gbígbóná fún àwọn. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi wẹ ọmọ náà, iṣu wọn sì wà lóko, wọn kò lọ wà á jáde.