Ìlà Márùn-ún Tí N Kò Kà fún Ìyá Múfú

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọmọkùnrin mi, Rìdíwánù, mú ìkìlọ̀ kan wálé láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ pé: "Mọ́mì Rìdíwánù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín. Àwọn ológun wá bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn, ó dìde, ó ní ta ló ń pinnu ibi tí wọ́n máa lọ jagun, ṣé wọ́n sì máa ń sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Irú ọ̀rọ̀ báyìí lè kó bá a."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. N kò ní purọ́ fún yín: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni pé, "Rìdíwánù, ta ló rán ọ níṣẹ́?" Mo ti la ẹnu kí n tó rí i pé ó ń wo ojú mi. Àwọn ológun náà kò dá a lóhùn, ó sì ń retí pé bóyá èmi á dá a lóhùn. Mo pa ẹnu mi dé, mo ní kó lọ jẹun. Láti ọjọ́ náà ni òórùn ànàmọ́ tútù kò ti kúrò nímú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ọ̀fà nígbà tiwa á mọ òórùn tí mo ń wí. Bí ọyẹ́ bá ti mú, àwọn ìyá wa á bẹ ànàmọ́, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á sá a sórí àpáta kó gbẹ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, òórùn rẹ̀ máa ń dà bí ti ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Nínú agboolé wa, tí kò jìnnà sí ojú irin, Ìyá Múfú ló ń bẹ ànàmọ́ jù. Opó ni. Yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa. Ọmọkùnrin méjì péré ló bí: Bùrọ̀dá Múfú, tó ti wọ iṣẹ́ ológun, àti Bùrọ̀dá Lásísì, tó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Ìlọrin.

Ìyá Múfú lè ka kéwú já gaara, àmọ́ kò mọ á-bí-dí. Èmi ni mo ń ka lẹ́tà fún un. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kàwé fún àwọn ará ilé tí kò lè kà á. Ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù ní ibùdókọ̀ ojú irin ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Kò fẹ́ràn "ó tó bẹ́ẹ̀", kò sì fẹ́ràn "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé". Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbà kí n lọ ka lẹ́tà fún aládùúgbò, ó pè mí, ó ní: "Sìdí, bí o bá ń kàwé fún ẹni tí kò lè kà á, ìwọ lo di ojú rẹ̀. Ojú kì í ṣa ohun tó máa rí." Mo ní mo ti gbọ́. Mo rò pé mo gbọ́ ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n kó àwọn ọmọ ogun wa lọ sí Làìbéríà, Bùrọ̀dá Múfú sì wà nínú wọn. Rédíò ń sọ lójoojúmọ́ pé àlàáfíà ni wọ́n lọ wá fún àwọn aládùúgbò wa. Bí Ìyá Múfú bá ti gbọ́ ọ, á gbé ọ̀bẹ ànàmọ́ sókè.

"Àlàáfíà? Ìbọn ni wọ́n fi ń ṣe é? Èmi náà ti la ìjà rí, mi ò gbé ọ̀bẹ dání."

Ìyá mi á rọra sọ pé, "Ìyá Múfú, ẹ rọra o, rédíò ń gbọ́ yín."

"Kó gbọ́. Ṣebí èmi náà ń gbọ́ tiẹ̀."

Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ni Ìyá Múfú, ní Ọ̀fà ló wá lọ́kọ. Lọ́jọ́ kan, ó ní: "Ìjà Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn, mo mọ ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ ni. Mo lè fẹsẹ̀ rìn lọ fi hàn yín. Èwo ni ilẹ̀ wa ní Làìbéríà? Ta ló gbin ànàmọ́ sí i?" Gbogbo àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi kò dùn. Ohun tí mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni, ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Tíṣà tó ń kọ́ wa nípa ìlú àti ìjọba jẹ́ ènìyàn dáadáa. Kì í pẹ́ dé, kì í nà wá láìnídìí, ohun tó ń kọ́ wa sì dá a lójú. Ó máa ń rán wa létí pé ìjàkadì ni orò ìlú wa, pé ọmọ Ọ̀fà kì í sá. Ó ní kí a kọ àròkọ lórí bí a ó ṣe sin ilẹ̀ baba wa. Èmi ni mo gba ipò kìíní. Wọ́n ní kí n kà á níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí a ta àsíá sókè. Nígbà tí mo kà á tán, tíṣà wa ní ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀rọ̀ láìdáa nípa iṣẹ́ àwọn ológun wa nígbà tí wọ́n wà lójú ogun, ọ̀tá ló ń ràn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni ọ̀tá náà. Èmi náà kò bi í. Ìbéèrè kò sí lára ohun tí wọ́n fi ń gba ipò kìíní.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà Bùrọ̀dá Múfú dé. Ọjọ́bọ̀ ni, n kò tí ì bọ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Awakọ̀ kan ló mú un wá láti Èkó. Ìyá Múfú àti obìnrin méjì mìíràn ń bẹ ànàmọ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Ó na lẹ́tà náà sí mi, ó ní, "Akọ̀wé mi, bá mi gbọ́ ohùn ọmọ mi."

Ojú ewé méjì ni, bírò aláwọ̀ búlúù ni ó fi kọ ọ́, Yorùbá pọ́ńbélé sì ni. Ìkíni ló gba ojú ewé kìíní. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kí èmi náà, ó ní kí Sìdí má jẹ ànàmọ́ òun tán. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ojú ewé kejì. Ojú mi dé ìlà náà kí ẹnu mi tó dé e. Ìlà márùn-ún ni, mo lè kọ wọ́n fún yín títí di òní:

"Ìyá mi, a bi àwọn ọ̀gá wa léèrè ìdí tí a fi wà níbí, wọ́n ní kí a má béèrè. Nínú gbogbo àwọn tí mo rí tí ogun yìí ń pa, n kò rí ẹni tó ṣẹ Nàìjíríà. Ẹ má jẹ́ kí Lásísì wọ iṣẹ́ yìí. Bó bá ti gba fọ́ọ̀mù, ẹ fà á ya. Ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ fà á ya."

Mo wo àwọn obìnrin méjì tó jókòó. Ọ̀rọ̀ tíṣà wa ló wá sí mi lọ́kàn. Mo rò ó pé bí mo bá kà á síta, wọ́n á máa pe Bùrọ̀dá Múfú ní ọ̀tá ìlú. Mo fẹ́ràn Bùrọ̀dá Múfú. Mo fẹ́ dáàbò bò ó lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀.

"Ó tún ní kí ni?" Ìyá Múfú béèrè.

Mo ní, "Ó ní inú àwọn dùn láti sin ilẹ̀ baba wọn. Ó ní ẹ kí Lásísì." Ohùn mi kò gbọ̀n. Inú àròkọ tí mo fi gba ipò kìíní ni mo ti mú ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Múfú ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó dáa. Bí inú ẹni tó wà níbẹ̀ bá ń dùn, kí ni tèmi?" Ó gba lẹ́tà náà, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi í sáàárín Kùránì rẹ̀. Ó bu ànàmọ́ sísè fún mi nínú ewé. Mo jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Jímọ̀, Bùrọ̀dá Lásísì wálé láti Ìlọrin. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ológun ti wà nínú àpò rẹ̀. Ohun tó ń dá a dúró ni pé kò ní lọ láìgba àdúrà ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì gbà tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, mo ń wò ó bó ṣe dọ̀bálẹ̀. Ìyá Múfú gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní inú òun dùn níbẹ̀. Mi ò lè sọ pé kí ìwọ má lọ. Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ."

Nígbà tó dìde, ó rí mi. "Akọ̀wé! Ojú rẹ rí bí ẹni tó gbé odidi ẹyin mì. Fara balẹ̀, bí mo bá dé, ìwọ ni wàá máa pa bàtà sójà mi lọ́dà." Ó fa etí mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ló padà sí Ìlọrin. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló lò nílé, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ní ẹnu tí n kò lò ó. Mo ń bẹ̀rù bàbá mi. Mo sì ń sọ fún ara mi pé yóò padà wá pẹ̀lú aṣọ sójà, gbogbo agboolé á máa yọ̀, ìlà márùn-ún yẹn á sì di ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó òun náà lọ sí Làìbéríà. Kò ju oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ lọ tí Bùrọ̀dá Múfú fi padà sílé. Ó ti fara gbọgbẹ́, igi ló fi ń rìn. Ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Lásísì dà?" Nígbà tí wọ́n sọ fún un, kò pariwo. Ó kàn bi ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá, ṣé wọn ò ka lẹ́tà mi fún yín ni?"

Mo wà níbẹ̀, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ìyá Múfú yí ojú sí mi. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní: "Wọ́n kà á. Èmi ni mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn obìnrin ń pariwo."

Kò sí ẹni tó ń pariwo lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀, èmi náà sì mọ̀. Ó ní, "Sìdí, ju ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀. Wá mú ọ̀bẹ, bá mi bẹ ànàmọ́." A bẹ ànàmọ́ títí apẹ̀rẹ̀ fi kún. Títí ó fi kú, kò bi mí. Títí bàbá mi náà fi kú, n kò sọ fún un. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Mo ti wà ní kíláàsì kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí ìwé ìjọba dé nípa Bùrọ̀dá Lásísì. Òyìnbó ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Bùrọ̀dá Múfú wà nílé, ó sì lè kà á. Ó ti na ọwọ́ láti gbà á, ìyá rẹ̀ ní, "Rárá. Ẹ pe Sìdí wá. Òun ni ojú mi."

Mo gba ìwé náà. Mo kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo ka nọ́ńbà tó wà lókè ìwé náà. Mo ka orúkọ rẹ̀, Lásísì, tí wọ́n ṣì kọ. Mo kà á pé ó kú lẹ́nu iṣẹ́ ìlú, pé ìjọba kẹ́dùn. Mo ka ohun tó wà nínú òǹtẹ̀. N kò fo ohunkóhun.

Ìyá Múfú ní, "Ìdí ńkọ́?"

Mo ní, "Ìdí kí ni, Ìyá?"

"Ìdí tí wọ́n fi rán an lọ. Ka ibẹ̀ fún mi."

Mo ní, "Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, Ìyá."

"Tún un kà."

Mo tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó fi í sáàárín Kùránì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà Bùrọ̀dá Múfú. Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ ti ka tìẹ. Àwọn ni wọn ò kọ tiwọn."

Títí di òní, bí wọ́n bá fún mi ní páálí oògùn pé kí n kà á fún ẹnì kan, mo máa ń ka títí dé orúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò mọ ìdí.

N kò kórìíra ilẹ̀ yìí. Bùrọ̀dá Lásísì náà fẹ́ràn rẹ̀ dé ikú. Àmọ́ láti Ọjọ́ Ajé ni mo ti ń fi ọmọ ọdún méjìlá yẹn wé ara mi. Òun fo ìlà márùn-ún nítorí pé wọ́n ti yìn ín. Èmi tí mo ti lé ní ogójì ọdún fẹ́ fo ìbéèrè ọmọ mi nítorí ìbẹ̀rù. Tèmi burú jù, nítorí pé èmi mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Rìdíwánù. Mo sì ti dá ìwé náà padà. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ ìkìlọ̀ náà pé: "Ẹ ṣeun, mo ti rí i. N kò ní kìlọ̀ fún un. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́." Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí títí di ìsinsìnyí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin tí a jọ dàgbà. Bí ọmọ yín bá bi yín léèrè ìdí tí ìjọba fi ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sógun, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tí ẹ bá mọ̀, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ fún un pé wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀.