Ọkọ mi ní nẹ́tíwọ̀kì kì í dé oko

Bí ọkọ mi bá ti lọ sí oko wa ní Akínyẹlé, n kì í rí i bá sọ̀rọ̀ mọ́. Á ní kò sí nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀.

Lónìí, mo bá a lọ. Fóònù kékeré mi gba ìpè ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ebè. Fóònù ńlá tirẹ̀ kò dún rárá, síìmù ilé-iṣẹ́ kan náà la sì ń lò.

Ó ní, "Fóònù ńlá kì í gba nẹ́tíwọ̀kì lóko."

Mo gbà á wò. Àmì bàálù tó ń pa nẹ́tíwọ̀kì ló tẹ̀. Mo yọ ọ́, nẹ́tíwọ̀kì kún fọ́fọ́.

"Bàbá Tóbi, kí lèyí?"

Ó rọra ní, "Mo kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni."

Sinmi kúrò lọ́wọ́ ta ni? Ẹ̀yin ọkọ tó wà níbí, ṣé ẹ̀yin náà máa ń sinmi báyìí?