Nọ́ọ̀sì Tó Jẹ́ Ìyàwó Ilé Wa

Ọyẹ́ mú gidi láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ìdógùn. Kùrukùru bo àwọn òkè tó yí wa ká, ètè gbogbo wa ti bó, ewé etí ọ̀nà sì funfun fún eruku. Bí ọkọ mi ṣe yọjú síta ni ọyẹ́ kọlù ú lọ́fun. Ó wúkọ́, ó sì sáré fọwọ́ di abẹ́ ikùn mú. Mo mọ̀ pé ìpá rẹ̀ tún ti yọ nìyẹn.

Ìpá yìí ti pẹ́ lára rẹ̀. Tó bá dùbúlẹ̀, á wọlé. Tó bá wúkọ́ tàbí tó gbé apẹ̀rẹ̀ kòkó, á tún yọ síta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lóko wà tí tirẹ̀ yọ tí kò wọlé mọ́. Kí wọ́n tó rí mọ́tò gbé e dé Ọ̀wọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tára rẹ̀ kò bá yá á kàn wọ mọ́tò lọ Ọ̀wọ̀ ni. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ìlú wa bá ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ ṣàdéhùn: ilé kọ̀ọ̀kan á yọ kòkó sílẹ̀ nígbà ìkórè, wọn á sì máa tọ́jú wa yípo ọdún. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà, àfi tí nọ́ọ̀sì ìlú wa bá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì fún un níwèé. Òfin náà dára. Àwọn tí orí fífọ́ lásán ń gbé lọ Ọ̀wọ̀ kò lọ mọ́, àwọn aboyún sì ń tètè rí ìtọ́jú nílé. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yìí, ìyàwó ilé wa ni. Ọmọ àbúrò ọkọ mi ló fẹ́ ẹ. Báwo ni bàbá ọkọ á ṣe tú ṣòkòtò níwájú ìyàwó ilé?

Ó ti lọ bá a rí o. Orí fífọ́ ló sọ fún un, oògùn orí fífọ́ ló sì gbà bọ̀.

Láàárọ̀ yẹn, mo ní, "Bàbá wọn, ẹ dìde. Mò ń bá yín lọ."

"Kí ni kí n lọ sọ fún ìyàwó?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà gbé ìpá yín dání."

Bí a ṣe wọ yàrá ìtọ́jú rẹ̀, nọ́ọ̀sì rí wa, ó kúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ bàbá, ẹ káàárọ̀ ìyá. Ṣé orí náà ni?"

"Orí ni," ọkọ mi yára dáhùn.

"Orí ti sọ̀ kalẹ̀, ìyàwó," ni mo wí. "Ó ti dé abẹ́ ikùn. Ìpá ni."

Bàbá kọjú sí ògiri bí ẹni ń wo aláǹgbá. Nọ́ọ̀sì náà ń wo ilẹ̀.

"Ìyá, mi ò lè kọ ohun tí mi ò yẹ̀ wò síwèé. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ á dá wọn padà ni."

"Ṣé ojú nìkan ni wọ́n fi ń yẹ ènìyàn wò ni?"

Ó ronú díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fa aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, ó ta á bí ìkélé, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀. "Ìyá, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín lé e. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wúkọ́."

Ọkùnrin tó ń wúkọ́ bọ̀ láti ilé, ikọ́ kọ̀, kò wá!

"Kò sí ikọ́ níbẹ̀," ó ní.

"Ẹ wá a!" ni mo wí.

Ẹ̀rín pa nọ́ọ̀sì lẹ́yìn aṣọ, ó ran bàbá náà, ẹ̀rín sì di ikọ́. Nǹkan náà ti àtẹ́lẹwọ́ mi bí òròmọdìẹ tó fẹ́ jáde nínú ẹyin.

"Ó ń tì mí lọ́wọ́ o!"

"Tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ ńkọ́?"

"Á wọlé."

"Ṣé ó ń dùn wọ́n?"

"Díẹ̀," bàbá fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Nọ́ọ̀sì kọ̀wé fún wa. Látìgbà náà ló ti ń sọ fún àwọn àgbà ọkùnrin pé kí wọ́n mú ìyàwó wọn dání.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ mọ́tò àárọ̀, a gba Ìpele dé Ọ̀wọ̀. Dókítà wo ìwé, ó yẹ ọkọ mi wò, wọ́n sì dá a dúró fún iṣẹ́ abẹ. Mo tẹ́ ẹní mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, mo tú ẹ̀gúsí tí mo dì wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.