Kílípà Ní Kí Wọ́n Ta Àgádágodo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí owú ń fi ojú àgbàlagbà ọkùnrin rí, kó lọ wo Kílípà, agẹrun tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ pápá bọ́ọ̀lù. Kílípà kọ́ lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi ẹ̀rọ kílípà gẹ irun ti jẹ́ kí àwọn èèyàn gbàgbé èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Ó sanra díẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n. Àga mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ̀lú dígí gígùn kan àti fọ́tò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò, ọdọọdún, tí ó tò mọ́ ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí fọ́tò ọmọ níbẹ̀, torí òun àti ìyàwó rẹ̀ kò bímọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn dùn wọ́n gan-an nígbà kan, kó tó di pé ó rọlẹ̀. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló gbé ojú sókè lára ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́jọ́ kan, ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wọn, tó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àwa méjì ti tó ara wa." Kílípà gbà á gbọ́. Ó gbà á gbọ́ débi pé ó ń fi sùn, ó ń fi jí.

Ohun tó sì jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ lójú tirẹ̀ ni ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Bí ọwọ́ Kílípà ṣe mọ iṣẹ́ tó, kò lè gẹ irun tirẹ̀ kó dán, ìdí nìyẹn tó fi kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní kílípà lílò lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra. Lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti jẹun tán, obìnrin náà á gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé, á so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, á sì gẹ orí rẹ̀ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko, ọwọ́ ẹlòmíràn ò kan orí yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí Kílípà yangàn fún yín, ẹ ṣáà bi í pé ta ló gẹ irun rẹ̀.

Àfìgbà tí Àgádágodo dé.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn kì í ṣe ti olówó kankan. Àwọn ará àdúgbò ló ni ín. Ilé kọ̀ọ̀kan ní káàdì kan, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà lára káàdì ló ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Nítorí pé ẹgbẹ́ náà kò lágbára láti gba ilé fún àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pín wọn sí. Kílípà fúnra rẹ̀ ló dìde nípàdé, ó sáyà, ó ní yàrá kan ṣófo nílé òun. Wọ́n bá fún un ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan tó ń gbá ẹ̀yìn. Ọmọ náà ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá ti dúró síwájú àwọ̀n, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta ni wọ́n sọ ọ́ ní Àgádágodo. Lọ́sẹ̀ yẹn, Kílípà ń rìn káàkiri àdúgbò bí ẹni pé òun ló bí i.

Ìyàwó rẹ̀ tú ẹsẹ̀ gbogbo ṣòkòtò ọmọ náà, ó fi aṣọ kún un, torí wọ́n kúrú. Kílípà ò bínú sí ìyẹn. Ọmọ náà ń pe obìnrin náà ní Mọ́mì, ó ń pe òun ní Ọ̀gá. Ìyẹn dùn ún díẹ̀, ó gbé e mì. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú kan, ó mú tówẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó bá Àgádágodo lórí àga.

"Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tiẹ̀ tán."

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì orí ọmọ náà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe. Ó fi eyín di ahọ́n mú bí ẹni tó ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ọmọ náà sọ nǹkan kan, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti pa kílípà. Kílípà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì léjìká, ó ń ka ọdún. Nínú ọdún mọ́kàndínlógún, obìnrin yìí ò rẹ́rìn-ín báyẹn rí lórí irun tòun.

Láti ọjọ́ náà lọ, orí ọmọ náà ló ń kọ́kọ́ gẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, torí pé ọmọ náà ní ìgbáradì bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yin tó ń ka èyí lè máa rò pé kí lèyí já mọ́, irun lásán. Kì í ṣe irun. Àwa méjì ti tó ara wa, ni obìnrin náà wí, kò sì tó. Gbogbo ọdún yẹn, ó ń ṣàánú òun ni. Èrò yìí ni Kílípà ń bá wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tó ń bá padà sílé nírọ̀lẹ́, owú náà sì ń jẹ ẹ́ gidi, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí kòkòrò wà nínú eyín rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú karùn-ún, ó ṣe ohun tí agẹrun kankan kì í ṣe. Ó lọ gẹ irun lọ́dọ̀ agẹrun kejì tó wà nídìí ibùdókọ̀, ọkùnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ ti ń pè ní agékoríko láti ọdún mẹ́wàá wá. Agékoríko rí ọ̀tá rẹ̀ lórí àga rẹ̀, bóyá ayọ̀ ló sì mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tàbí ìkà ló ṣe, èmi ò mọ̀. Àtẹ̀gùn ló gẹ̀ sí ẹ̀yìn orí Kílípà. Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù ló fi ọwọ́ bo ẹnu. Nílé, ìyàwó rẹ̀ wo orí náà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì gbé oúnjẹ fún un. Kílípà ìbá fẹ́ kó tilẹ̀ bú òun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé dé. Ẹgbẹ́ ńlá kan tó wà ní ipò kejì nínú líìgì àgbà fẹ́ ra Àgádágodo. Alága ẹgbẹ́, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rò ó kí wọ́n tó dìbò.

Ṣọ́ọ̀bù Kílípà ni wọ́n ti rò ó, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ro gbogbo nǹkan. Jórinjórin tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló léwájú àwọn tó ní kí wọ́n má tà á. Ó ní bí ọmọ náà bá lọ, gòólù mẹ́rin-mẹ́rin ni wọn yóò máa kó lé àwọn lórí. Ó ní èyí tí wọ́n tà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn dà, ṣebí orí bẹ́ǹṣì ló wà títí dòní, ó ń fi ìdí nù ún fún wọn. Àwọn kan ní òrùlé ibùjókòó ń jò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe é. Jórinjórin dá wọn lóhùn pé bí kò bá sí ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn, ta ló fẹ́ wá jókòó sábẹ́ òrùlé wò ó.

Gbogbo wọn ń retí pé Kílípà, tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí ju oúnjẹ lọ, yóò gbè sẹ́yìn Jórinjórin. Kílípà ní kí wọ́n tà á. Ó ní ire ọmọ náà lòun ń rò, ó ní ojú ọmọ ti là ju pápá yìí lọ, ó sọ ọ́ débi pé ẹni tó ń gẹ irun fún ń gbójú sókè wò ó nínú dígí. Jórinjórin béèrè ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ, nígbà tó jẹ́ pé ilé wọn lọmọ ń gbé. Kílípà ní ohùn àwọn ṣọ̀kan. Irọ́ ni. Kò tíì bi í.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n dìbò, akọ̀wé lẹ orúkọ àwọn tó lè dìbò mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìpàdé. Kílípà wá orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí i. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló rí. Ìgbà yẹn ló tó rántí. Ọdún méje sẹ́yìn, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ lu ẹni tó ń na àsíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ẹgbẹ́ sì gba káàdì rẹ̀ fún ọdún méjì. Kí ìjókòó rẹ̀ má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sáré lọ fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ gba káàdì lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ò ka orúkọ rí, wọn kì í sì í wo orúkọ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá ń ka ọwọ́, Kílípà náà ò sì pààrọ̀ rẹ̀. Jórinjórin, tí òun náà wá wo orúkọ, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Kílípà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé káàdì lọ bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ìwọ lo máa dìbò," ló wí. "Kí wọ́n tà á ni kí o nawọ́ sí."

Obìnrin náà dá ẹ̀rọ dúró. "Kí ló dé tí ẹ fẹ́ kó lọ?"

Ó sọ ti òrùlé fún un, ó sọ ti ire ọmọ náà. Obìnrin náà ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ nínú dígí àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà lẹ́yìn Kílípà, níbi tí àtẹ̀gùn náà ò tíì hù dọ́gba. Ó fi eyín já òwú. "Mo gbọ́," ló wí, ó sì padà sídìí aṣọ tó ń rán. Kílípà ò mọ ibi tí òun lè gbé mo gbọ́ yẹn sí. Ó dá a lójú pé obìnrin yìí yóò ní kí wọ́n má ta ọmọ náà, yóò sì ṣe é níṣojú gbogbo ayé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n pàdé. Orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni wọ́n fi Kílípà sí, láàárín àwọn tí kò ní káàdì. Jórinjórin sọ̀rọ̀ débi pé gbọ̀ngàn ń hó, ká ní wọ́n ka ọwọ́ nígbà yẹn ni, wọn ì bá má tà á. Ìyàwó Kílípà bá dìde. Kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí.

"Ẹ kú ìjókòó o," ló wí. "Ọ̀dọ̀ mi lọmọ náà ń gbé. Láti oṣù tó kọjá ló ti sọ fún mi pé ẹgbẹ́ kan ń wá òun, òun sì fẹ́ lọ. Ojú yín ló ń tì í. Ó ní ẹ ṣe dáadáa sóun, kò fẹ́ kẹ́ ẹ pe òun ní aláìmoore." Ó wo káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ká ní tèmi ni, kò ní lọ síbì kankan. Àmọ́ kì í ṣe tèmi."

Ó na káàdì sókè, ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú. Jórinjórin wo ilẹ̀. Nígbà tí alága ka ọwọ́, àwọn tó ní kó lọ ló pọ̀ jù, ọwọ́ Jórinjórin sì wà lára wọn.

Ohun tí Kílípà fẹ́ ló rí gbà yẹn, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń pariwo ire ọmọ, ẹni tó ń rò ó lóòótọ́ ò sì pariwo rárá. Kí n má parọ́ fún yín, owú náà ò tíì tán. Ó tún gún un pé obìnrin náà lọmọ ọ̀hún finú hàn, kì í ṣe òun.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wá gbé Àgádágodo, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Kílípà mú. "Ọ̀gá, ẹ ṣeun," ló wí. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń jà pé kí n lọ. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn mi." Kílípà kàn ń gbọn ọwọ́ ọmọ náà ṣáá, títí awakọ̀ fi tẹ fèrè.

Lọ́jọ́ Àìkú, obìnrin náà gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé. Kílípà jókòó, ìyàwó rẹ̀ so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gẹ irun rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

"Mo jowú ọmọ yẹn," ni Kílípà wí.

"Mo mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Látìgbà tí ẹ ti gbé orí lọ fún ẹlòmíràn ni mo ti mọ̀."

Omi kán sí Kílípà lẹ́yìn ọrùn, kò sì bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó pẹ́, kílípà dúró lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì orí rẹ̀. Kílípà gbé ọwọ́ síbẹ̀, ó bá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ gbọọrọ.

"Ẹ má bínú," ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Mi ò mọ̀gbà tí mo ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n gẹ gbogbo rẹ̀ kúrò."

Kílípà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Fi í sílẹ̀," ló wí.

Bó ṣe gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé nìyẹn, àgbàlagbà ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta pẹ̀lú ìlà ọ̀dọ́ lórí. Jórinjórin yọjú wọlé, ó lanu, ó béèrè pé ta ló ṣe irú èyí fún un.

"Ìyàwó mi ni," ni Kílípà wí, ó sì pe ẹni tó kàn sórí àga.