Ọkọ̀ Pupa àti Ọkọ̀ Eérú

Ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí kì í ṣe ọkọ̀ ìlú Ìbàdàn, mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí. Oòrùn wà, eruku wà, àwọn ọlọ́kadà sì wà tí wọn yóò máa yọjú wo inú ọkọ̀ rẹ bí ẹni ń wo inú ìkòkò ọbẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo ti yẹ̀ wò láti ìgbà tí mo ti ń ṣe ètò lórí rédíò, méjì tí òrùlé wọn ń ṣí ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀kan pupa, èkejì aláwọ̀ eérú.

Iṣẹ́ mi ni kí n wa ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, kí n sì sọ fún ará ìlú bó ṣe rí. Obìnrin ni mí, mo sì ti kọ́ àwọn ènìyàn ní mọ́tò wíwà rí kí n tó dé rédíò, nítorí náà ẹnu mi mú, ara mi kì í sì í gba ìwàkuwà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń bọ́ wọn. Wọn á jẹ ìrẹsì olọ́kọ̀ tán, wọn á nu ẹnu, wọn á ní kò sí irú ọkọ̀ yìí mọ́ láyé. Èmi kì í jẹun lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀. Omi lásán, mi ò ní mu ún. Àwọn olùgbọ́ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí mo bá fẹ́ fi ọkọ̀ kan wé òmíràn, ọ̀nà kan náà ni mo máa ń gbé àwọn méjèèjì gbà, nínú oòrùn kan náà.

Obìnrin àgbàlagbà kan wá bá mi ní ilé iṣẹ́ wa lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ètò. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Òkè Àdó ni wọ́n ń gbé, opó sì ni wọ́n. Wọ́n ní láti ìgbà tí ọkọ àwọn ti kú, àyà àwọn máa ń há bí àwọn bá ti jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

"Àwọn ọmọ mi ní orí mi ti dàrú," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi lójú dáadáa kí ilẹ̀ tó bò mí. Ọkọ̀ méjì ni mo ti rí. Èyí tí o bá ní ó dára ni mo máa rà."

Wọ́n júwe ibi tí àwọn ọkọ̀ náà wà. Ti eérú wà ní Bódìjà. Ti pupa wà ní Ring Road, ní sítáàndì tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀. Mo sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ ìyá mi ló ni ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tí kì í mu omi olọ́kọ̀ kò ní torí ẹ̀gbọ́n purọ́ fún arúgbó. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lára mi, nítorí ẹ̀gbọ́n mi yìí ni bàbá mi láti ọjọ́ tí bàbá wa ti kú. Ọkọ̀ ló ń fọ̀ ní Challenge nígbà náà, ibẹ̀ ló sì ti rán mi níwèé.

Èmi àti Màmá nọ́ọ̀sì pàdé ní sítáàndì ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbé ọkọ̀ pupa jáde. Ìyá wa náà wà níbẹ̀. Nílé tiwa, a kì í ta ọkọ̀ kankan kí ìyá wa tó gbé ọwọ́ lé e kí wọ́n sì ṣàdúà sí i. Gbogbo wa kó ara jọ yí ọkọ̀ náà ká, a fọwọ́ lé e. Ìyá wa ka Fátíhà, wọ́n wá ní, "Ẹni tó bá ra ọkọ̀ yìí, àlùbáríkà ni yóò fi gùn ún. Kò ní rí ìjàǹbá. Yóò fi jẹ ayé pẹ́." Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ohùn mi sì lọ sókè. Ta ni yóò dákẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàdúà?

Mo wa ọkọ̀ pupa náà láàárọ̀ láti Ring Road dé Challenge. N kò ní purọ́, ó dùn ún wà. Èèyàn kàn máa tẹ nǹkan kan ni, òrùlé á ká ara rẹ̀ kò sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń kùn bí ológbò tó yó, bí mo bá sì ti fẹsẹ̀ kàn án báyìí, ó ti lọ. Inú mi dùn fún ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́sàn-án, mo gbé ti eérú láti Bódìjà, mo sì kó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Dùgbẹ̀. Aṣọ ni òrùlé tirẹ̀, ọwọ́ ni èèyàn fi ń ká a. Jíà rẹ̀ le, oòrùn pa mí dé egungun. Mo kórìíra ọkọ̀ náà tọkàntọkàn.

Mo ti fẹ́ sọ pé ti pupa ló borí, ni ọkàn mi bá dá mi lẹ́jọ́. Àárọ̀ tútù àti ọ̀nà gbọọrọ ni mo fún ọ̀kan, mo wá fún èkejì ní oòrùn ọ̀sán àti Dùgbẹ̀. Ìdájọ́ wo nìyẹn? Mo tún lọ gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé àwọn méjèèjì gba Agbowó, ọ̀nà kan náà, kòtò kan náà.

Níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo gbé ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ pupa gun etí gọ́tà, mo ṣílẹ̀kùn kí n lè wo taya. Nígbà tí mo fẹ́ tì í padà, ilẹ̀kùn kọ̀, kò wọlé. Ti eérú, ní ojú ibẹ̀ gan-an, ilẹ̀kùn rẹ̀ tì wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé líle, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló fi ń gbé ara ró. Bí ìsàlẹ̀ bá ti yẹ̀, kò sí ohun tó kù tí yóò di ẹni tó wà nínú rẹ̀ mú. Mo ní kí mẹkáníìkì kan gbé e sókè, mo tẹ́ páálí, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀ lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n fi ọ̀dà bò ó. Ààbọ̀ ọkọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀.

Mo dá ọkọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò sí ní sítáàndì, n kò sì fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí mo fi padà wá lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ti lọ.

"Màmá yẹn ti wá gbé e láàárọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Wọ́n ní àwọn ò dúró dè ọ́ mọ́, àwọn ti gbọ́ àmín rẹ."

Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó jókòó. "Bí wọ́n ṣe tà á fún mi ní Kùtọnu ni mo ṣe rà á," ó wí, mo sì gbà á gbọ́. Mo gbà á gbọ́ títí di òní. Ó wá ní, "Jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Arúgbó ni, ibo ni wọ́n fẹ́ sáré lọ? Sọ lórí rédíò pé àwọn méjèèjì ló dára."

"Bọ̀dá mi, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o gbé ti Bódìjà náà sókè? Ṣé o wọ abẹ́ ẹ̀?"

Mi ò gbé e. Ó rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Ọkọ̀ tèmi nìkan lo yẹ̀dí rẹ̀ wò. Ìwọ onídàájọ́ òdodo."

Ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tó dùn mí. Mo padà sí Bódìjà, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ eérú. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, mo ń wá àpá níbẹ̀ bí ẹni ń wá oògùn. N kò rí nǹkan kan. Abẹ́ rẹ̀ dán.

Mo gba ilé Màmá nọ́ọ̀sì lọ. Ọkọ̀ pupa wà nínú ọgbà, wọ́n ti nù ún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí ìdúró.

"O fọwọ́ lé e, o ṣe àmín," ni wọ́n wí.

"Àdúà ni, Màmá. Kì í ṣe ìdájọ́."

"Lẹ́nu ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́nu tìẹ, mo rò pé ọ̀kan náà ni."

Lọ́jọ́ ètò mi, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní ti pupa ń sáré ju ti eérú lọ, òrùlé rẹ̀ kò fúnni níṣòro, jíà rẹ̀ sì rọ̀. Mo ní ti eérú kò yá, òjò sì máa ń rí ibi gbà wọlé. Mo wá sọ ohun tó wà lábẹ́ ti pupa. Mo sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín, pé òun náà kò mọ̀ nígbà tó rà á, ṣùgbọ́n pé mi ò ní jẹ́ kí ìyá mi jókòó sínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gba ọkọ̀ rẹ̀ padà láìjiyàn. Kò bá mi jà. Ó kàn dákẹ́ sí mi ni. Bí mo bá wọ ilé ìyá wa, á wá bàtà rẹ̀, á jáde. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìyá wa kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń rù ni.

Màmá nọ́ọ̀sì ra ti eérú. Wọ́n ní kí n wá jókòó ti àwọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé e jáde. Wọ́n ṣí òrùlé, wọ́n fi gèlè wọn há abẹ́ itan, a sì rọra ń lọ. Atẹ́gùn ń fẹ́ irun funfun wọn, omi ń bọ́ lójú wọn, wọn kò nù ún. Nígbà tí a dé Ring Road, ẹ̀gbọ́n mi dúró sí iwájú sítáàndì rẹ̀. Ó rí wa. Ó tẹrí ba díẹ̀ fún Màmá, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi.

Màmá dín eré kù. "Èmi ti rí ohun tí mò ń wá," ni wọ́n wí. "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?"

"Mo sọ òótọ́, Màmá."

"O sọ òótọ́. Ọlọ́run á san án fún ẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyá ẹ bá kú, òótọ́ kọ́ ló máa bá ẹ sin wọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn padà sí sítáàndì. N kò lọ tọrọ àforíjì, nítorí irọ́ ni ì bá jẹ́. Mo kàn kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n mi níbi tó dúró sí láàárín àwọn ọkọ̀ rẹ̀, mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí nu dígí ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò dìde. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá. Kò wo ojú mi nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Dìde," ó wí. "Epo wà nílẹ̀ ibẹ̀ yẹn."