Omi Mímu Tí A Fi Wẹ Ìyá Àgbà

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò mi tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ níbí ní Ìkòròdú, èéfín rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé bá wa. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wúkọ́, wọ́n ń sáré ti fèrèsé, ṣùgbọ́n èmi jókòó jẹ́ẹ́, mo ń fà á símú. Òórùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo gbọ́ nínú rẹ̀, àti ẹrẹ̀, àti ẹja lórí iná. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń sọ pé ẹ fẹ́ kó lọ sí erékùṣù kékeré kan tí kò ní ariwo, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nírú ibẹ̀ fún yín.

Ìkòròdú náà la wà nígbà tí mo ṣì kéré. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló sì máa ń wá gbé e láràárọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, tí lánlọ́ọ̀dù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn wa kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ká máa bọ̀ ní abúlé àwọn lórí ọ̀sà, ní ìwájú Ẹ̀pẹ́. Ọmọ Ìlàjẹ ni, Bàbá Orímisàn là ń pè é. Ó ní ẹja ò lè tán nínú omi. Bàbá mi kò ju àwọ̀n rí, kò tilẹ̀ mọ̀wẹ̀. Síbẹ̀, ó gbà.

Àwa mẹ́rin la lọ: bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi. Ìyá mi di ẹrù bí ìyàwó tuntun: bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ìránṣọ, títí kan firíìjì. Nígbà tí a dé etí omi ní Ẹ̀pẹ́, ọlọ́kọ̀ wo ẹrù, ó wo ọkọ̀ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, iná wo lẹ fẹ́ fi tan firíìjì?" Obìnrin ẹlẹ́ja kan ní Ọjà Olúwo la fi í sílẹ̀ fún, ó sì sọ ọ́ di àpótí aṣọ.

Pákó ni ilé tí wọ́n kọ́ fún wa, orí òpó ló dúró lé, èèyàn sì ń rí omi láàárín pákó tó ń tẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi, ó di ti ẹja. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dógùn-ún. Ilé ẹ̀kọ́ ò ju yàrá kan lọ, olùkọ́ sì máa ń wá bí ọkọ̀ bá wá. Bí ìgbì bá ru, ó di ọlidé fún wa. Inú èmi àti Orímisàn, ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi, máa ń dùn sí èyí, ìyá mi nìkan ló máa ń káwọ́ lérí. Ojú omi ọ̀sà yẹn náà ni ilé ìyàgbẹ́ wa dúró lé. Nítorí náà, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi mímu wá, ife kéékèèké la sì fi ń bù ú.

Ìyá Àgbà, tí wọ́n bí ní Ẹ̀pẹ́, ní ilé náà ń mì, kò jẹ́ kóun mọ ibi tí òun máa kọjú sí kírun. "Ṣé Mẹ́kà náà ń mì ni?" Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí àwọn ará abúlé bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, á máa mi orí sí i lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà á yára ní kí Ọlọ́run foríjì òun.

Nígbà òjò, ikọ́ dá a dùbúlẹ̀. Bàbá mi fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ìjì ń jà lórí ọ̀sà, kò sí ọlọ́kọ̀ tó gbà. "Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀," ni gbogbo wọn ń sọ. Ó rọlẹ̀ lóòótọ́, ní òwúrọ̀ tí Ìyá Àgbà dákẹ́.

Wọ́n gbọ́dọ̀ wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sin sí Ẹ̀pẹ́, ìlú rẹ̀. Ẹnì kan na ọwọ́ sí korobá, ó fẹ́ lọ bu omi nísàlẹ̀ ilé. Bàbá mi kígbe tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Kì í ṣe omi yẹn! Ibi tí gbogbo wa ń yàgbẹ́ sí? Ẹ ò ní fi wẹ ìyá mi."

Omi mímu tó ṣẹ́ kù nílé wa kò kún kẹ́ẹ̀gì kan. Ìjì yẹn náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ pọnmi, gbogbo abúlé ló ń ṣọ́ omi lò. Ìyá Orímisàn wo kẹ́ẹ̀gì wa, ó jáde. Nígbà tó padà dé, ó gbé tiẹ̀ kalẹ̀. Ilé tó tẹ̀ lé tiwọn gbé tiwọn wá, òmíràn tún gbé tirẹ̀ wá. Wọ́n ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń lọ. Ọmọ kan ń sunkún òùngbẹ nílé kejì, mo ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tó ń pẹ̀tù sí i nínú: "Mú sùúrù. Wọ́n ń wẹ màmá."

A gbé Ìyá Àgbà sínú ọkọ̀, a sì kó àwọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà sí i. Láàárín ọ̀nà, ewéko ojú omi tí òjò kó wá wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì kú. Bàbá Orímisàn àti àwọn ọkùnrin mélòó kan bọ́ sínú omi, wọ́n ń fi àdá gé ewéko, wọ́n ń ti ọkọ̀. Bàbá mi fẹ́ bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé wọn. "Jókòó ti ìyá rẹ," ni Bàbá Orímisàn sọ fún un. Ó jókòó, ó di etí aṣọ funfun tí wọ́n fi dì í mú, ó sì sunkún níṣojú mi. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kí àwọn ẹbí ní Ẹ̀pẹ́ tó rí wa, a sì sin Ìyá Àgbà ṣáájú ìrun Mọ̀gàríbì.

Níbi sàréè yẹn ni ìyá mi ti ní, "Èmi ò padà síbẹ̀ mọ́." Bàbá mi kò bá a jiyàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pọn omi kún gbogbo kẹ́ẹ̀gì àwọn èèyàn náà, ó kó wọn sínú ọkọ̀, ó ní òun ń lọ dá wọn padà. A rò pé yóò bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ dé. Kò dé. Abúlé náà ló dúró sí; ọjọ́ ọjà nìkan ló máa ń wá bá wa ní Ẹ̀pẹ́, á kó ẹja fún wa, á tún wọkọ̀ padà. A ò jọ gbé abẹ́ òrùlé kan mọ́ láyé rẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà tó láti bi í, ó ní, "Àwọn yẹn ló bá mi sin ìyá mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀?" Ìyá mi gbọ́ ọ láti inú yàrá. Kò jáde.

Bàbá mi náà ti wà nínú ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí Orímisàn lábúlé. Wọ́n ti gbẹ́ bohóòlù, fóònù ń dún lórí omi, ọlọ́kọ̀ sì fún mi ní jákẹ́ẹ̀tì kí n má bàa rì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa yanrìn ti jẹ etí ilẹ̀ náà wọnú, àwọn ọ̀dọ́ sì ti kó lọ sí ìgboro. Orímisàn ti di arúgbó bíi tèmi. Ó se ẹja fún mi kí n tó jókòó tán, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

Mo bi í pé ibo ni ilé wa wà nígbà yẹn. Ó nawọ́ síwájú, mo sì wo ibẹ̀. Omi lásán ni, òpó kan ò kù níbẹ̀, ọkọ̀ kan sì ń gba orí rẹ̀ kọjá.